Àdùnní Olórìṣà, Olùtọ́jú Igbó Ọ̀ṣun: Ìtàn Ìgbésí Ayé Susanne Wenger (1915–2009)

Ìjúbà ló ń ṣáájú orò. Babaláwo kì í tẹ Ifá lórí ọpọ́n láìkọ́kọ́ júbà Ẹlẹ́dàá, àwọn òrìṣà, àti àwọn àgbà tó ti lọ. Nínú àwọn àgbà tí ìjúbà tọ́ sí ní gbogbo ilẹ̀ tí odò Ọ̀ṣun àti odò Erinlẹ̀ ń fún lómi, obìnrin kan wà tí a kò bí sí ilẹ̀ Yorùbá, tí kò gbọ́ èdè Yorùbá nígbà tó kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n tó lo nǹkan bí 59 ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láàrin àwọn olórìṣà. Susanne Wenger ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àdùnní Olórìṣà ni orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí.

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń gba Òṣogbo kọjá wá sí Ìlobùú àti Ìfọ́n ló ti fojú rí Igbó Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì ti ya fọ́tò àwọn ère ńlá inú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé Ìlobùú ni ẹni tó ṣe agbátẹrù àtúnṣe igbó náà gbé kó tó di ará Òṣogbo. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà ní àsìkò ọdún Ifá, nítorí ó dá lórí ìbéèrè kan tó wà níwájú gbogbo ìlú tó ní igbó orò, ojúbọ tàbí ahoro àwọn baba ńlá: ta ni yóò máa tọ́jú wọn, báwo ni yóò sì ṣe máa tọ́jú wọn?

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915 ni a bí i ní ìlú Graz, ní orílẹ̀-èdè Austria, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Graz, ìkòkò mímọ sì wà lára ohun tó kọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Vienna, olú ìlú Austria, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1938, ìjọba Hitler gba Austria mọ́ Jámánì. Vienna ni Susanne Wenger wà ní gbogbo ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi jà. Láàrin ọdún ogun wọ̀nyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó ń rí lójú àlá, àwòrán tó kún fún ẹ̀rù àti àdììtú. Nígbà tí ogun parí, ó wà lára àwọn ayàwòrán tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1947 láti sọ iṣẹ́ ọnà dọ̀tun lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìfòfindè. Lẹ́yìn èyí ó rìnrìn àjò lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù, títí ó fi dé Paris ní ọdún 1949. Níbẹ̀ ló ti pàdé Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti sá kúrò nílé nítorí ìjọba Hitler. Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì dé Nàìjíríà ní ọdún 1950.

Àìsàn, Ẹdẹ, àti Àjàgẹmọ

Kò pẹ́ tó dé tí ikọ́ ife fi dá a dùbúlẹ̀. Àìsàn náà le, ó sì lé ní ọdún kan kí ara rẹ̀ tó yá. Àwọn olórìṣà tó mọ̀ ọ́n kò ka àìsàn yìí sí ìjàm̀bá lásán. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òrìṣà a máa fi àìsàn pe ẹni tó bá fẹ́ ní tirẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ kì í jẹ́ ẹni àná mọ́.

Iṣẹ́ Beier yí padà láàrin àkókò yìí. Ó bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú káàkiri, èyí tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún wọn láti kúrò nínú ọgbà yunifásítì. Ẹdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ. Níbẹ̀ ni Susanne Wenger ti pàdé Àjàgẹmọ, olórí aborẹ̀ Ọbàtálá. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Síbẹ̀ a máa lọ jókòó tì í lójoojúmọ́, ó ń wo bí a ṣe ń bọ òrìṣà, bí a ṣe ń kí i, bí a ṣe ń dákẹ́ níwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ Àjàgẹmọ ló ti bọ́ sínú ìsìn Ọbàtálá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórìṣà. Ó gba orúkọ Ìwìnfúnmikẹ́, orúkọ àwọn ọmọ Ọbàtálá, a sì fi oríkì Àdùnní kún un.

Ìlobùú

Láti Ẹdẹ, wọ́n kó wá sí Ìlobùú ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà pẹ́ lórí ìgbà yìí, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti lóye ohun tó ṣe ní Òṣogbo bí a kò bá mọ irú ìlú tó ti wá.

Ìlobùú ni ìlú Erinlẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ fi yé wa pé ọdẹ ni Erinlẹ̀, pé òun ló dáàbò bo ìlú nígbà ogun, àti pé odò ló dà níkẹyìn. Odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ṣàn títí di òní, ó sì ń lọ bá odò Ọ̀ṣun. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójúbọ Erinlẹ̀ ni ìkòkò tí a fi òkúta odò àti omi sí nínú. Olórìṣà tó bá jẹ́ kí omi inú ìkòkò náà gbẹ ti kùnà nínú iṣẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí ìkòkò náà lẹ́wà tó. Ìfọ́n, tí kò jìnnà sí Ìlobùú, ni ìlú Olúfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a mọ Ọbàtálá sí. Ẹni tó ti di ọmọ Ọbàtálá ní Ẹdẹ kò dé ilẹ̀ àjèjì nígbà tó dé agbègbè yìí.

Ìlobùú kún fún ère onígi nígbà náà. Ní ọdún 1957, Beier tẹ ìwé kan jáde lórí ère onígi mímọ́ inú ìlú Yorùbá kékeré kan, Ìlobùú sì ni ìlú náà. Ère wà lójúbọ Ṣàngó, lójúbọ Erinlẹ̀, àti lójúbọ àwọn òrìṣà mìíràn. Gbogbo wọn ló ní olówó, gbogbo wọn ló ní ìtàn. Ṣùgbọ́n àsìkò náà le fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn aborẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí aborẹ̀ kan bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá láìsí àrólé, òjò a wọ ojúbọ, ikán a jẹ òpó, ère a sì di ohun tí ọmọ ilé lè tà fún oníṣòwò tó ń kó o lọ sí òkè òkun.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí i pé ojúbọ Yorùbá kò wà láàyè nítorí pé ohun tí a fi kọ́ ọ le. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, igi ni òpó rẹ̀, koríko tàbí páànù ni òrùlé rẹ̀. Ó wà láàyè nítorí pé àwọn obìnrin ń kùn ún lọ́dọọdún, àwọn ọkùnrin ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, agbẹ́gilére sì ń gbẹ́ òmíràn dípò èyí tí ikán bá jẹ. Ìdí kan náà ló ń mú babaláwo dífá ní ọrọọrún, nítorí pé ọ̀la kì í rí bí òní. Ibi tí àtúnṣe bá ti dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni ikú ojúbọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní agbègbè yìí náà ló ti jinlẹ̀ nínú iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó ń fi ẹ̀kọ ya ìtàn àwọn òrìṣà sórí aṣọ ńlá, ó sì ń pa wọ́n láró lọ́nà àwọn aláró Yorùbá.

Igbó tó fẹ́ pa run

Nígbà tí ọdún 1950 sí 1960 ń parí lọ, wọ́n kó dé Òṣogbo. Ọ̀nà òun àti Beier yà lẹ́yìn náà. Susanne Wenger fẹ́ onílù kan, Lásísì Àyánṣọlá Onílù, ní ọdún 1959, ó sì jókòó sínú ilé alájà tó wà lójú ọ̀nà Ìbòkun. Ilé náà kò pẹ́ tó fi kún fún ère, fún àwọn olórìṣà, àti fún àwọn ọmọ tó gbà tọ́. Inú rẹ̀ ló gbé títí tó fi papòdà.

Igbó Ọ̀ṣun wà létí odò, ní ẹ̀yìn ìlú. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo sọ pé Lárọ́óyè àti ọdẹ Tìmẹ́hìn wá omi dé etí odò náà, pé igi kan tí wọ́n gé wó lu odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Wọ́n bá òrìṣà náà dá májẹ̀mú: òun yóò máa dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí kúrò létí odò lọ sí òkè, níbi tí ìlú wà lónìí, wọ́n sì fi ibùdó àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún Ọ̀ṣun. Èyí ni pé àwọn ará Òṣogbo ti fi ibìkan pamọ́ fún ìrántí kí ìjọba kankan tó ṣe òfin lórí ọ̀ràn náà. Ojúbọ tó wà nínú rẹ̀ tó 40, ààfin àtijọ́ méjì sì wà níbẹ̀.

Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ nínú igbó náà, kò gbọdọ̀ pẹja, kò gbọdọ̀ gé igi. Ní ọdún 1950 síwájú, èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan rẹ̀ láti fi ṣe ìdánwò, wọ́n gé igi àtijọ́, wọ́n sì gbin igi títà dípò wọn. Àwọn kan ń wa yanrìn, àwọn kan ń fọ́ òkúta, ọdẹ àti apẹja sì ń wọlé. Àwọn olè ń jí ère gbé. Ikán ti jẹ òpó ojúbọ Ọ̀ṣun gan-an, ògiri rẹ̀ sì ń wó. Àwọn àgbà olórìṣà tó kù, àwọn tó ti ń ṣọ́ igbó náà tipẹ́ kí àlejò kankan tó dé, kò ní agbára owó láti tún un ṣe.

Àwọn olórìṣà wọ̀nyí ni iṣẹ́ Àdùnní bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí ó bá wọn ṣe àtúnṣe, ó sì gbà. Àtáọ́ja Òṣogbo ìgbà náà, Ọba Samuel Adénlé, fi ọwọ́ sí i. Àtúnṣe ògiri ojúbọ ló kọ́kọ́ jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ náà yóò gba ìyókù ayé rẹ̀.

Ọwọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́

Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Bíríkìlà àti káfíńtà ni àwọn tó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn tó wá gba owó iṣẹ́ òòjọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di gbajúgbajà ayàwòrán àti agbẹ́gilére. Adébísí Àkànjí ti ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe iṣẹ́ ọnà sára ilé. Òun ló mọ àwọn ògiri ọlọ́nà tó yí igbó ká. Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé Ògún ń gbẹ́ igi, ère tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú wọn yọ síta. Ṣaká Àrẹ̀mú náà wà lára wọn. Àwọn olùwádìí kì í gbọdọ̀ da ẹgbẹ́ yìí pọ̀ mọ́ àwọn ayàwòrán tó jáde láti ọ̀dọ̀ Dúró Ládípọ̀ àti Mbárí Mbáyọ̀ ní ọdún 1962 síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan náà ni wọ́n wà. Ojúbọ ni iṣẹ́ àwọn ti Àdùnní dá lé lórí, ìsìn ló sì ń darí rẹ̀.

Irin ni wọ́n fi ń ṣe egungun ère, amọ̀ ni ẹran ara rẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì ni awọ tó bò ó. Ìdí tí wọ́n fi lo sìmẹ́ǹtì kò ṣòro láti mọ̀: ikán kò lè jẹ ẹ́, olè kò sì lè gbé ère tó ga ju ilé lọ lé orí. Ibi tí ojúbọ bá wà ni ère gbọ́dọ̀ wà. Èyí ni a fi rí Ọbàtálá lórí erin rẹ̀, ilé Ògbóni tí òrùlé rẹ̀ yọ sókè bí ẹranko tó fẹ́ fò, àti Ìyá Moòpó, ìyá àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n wà fún. Ẹni tó bá ní lọ́kàn láti kọ́lé tàbí láti gé igi níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá ère pàdé, yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Àdùnní fúnra rẹ̀ dúró níwájú àwọn agégi àti àwọn tó ń fẹ́ ta ilẹ̀ igbó náà. Ó wọ ẹgbẹ́ Ògbóni, ó sì bá àwọn ọba, ìjòyè àti òṣìṣẹ́ ìjọba jà lórí ọ̀ràn igbó yìí láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Àríyànjiyàn

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn kan bi í léèrè pé kí ni òyìnbó ń wá nínú orò Yorùbá. Àwọn onígbàgbọ́ kan kà á sí ẹni tó sọ ìbọ̀rìṣà dọ̀tun nígbà tó yẹ kí ó parẹ́. Ìbéèrè tó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́: bí ènìyàn bá gbé ère tuntun kalẹ̀ níbi tí ògiri amọ̀ àtijọ́ wà, ṣé títọ́jú ni a ó pè é ni àbí pípààrọ̀? Baba ńlá kankan kò rí irú ère bẹ́ẹ̀ rí ní Òṣogbo.

Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ìdáhùn tí ìgbésí ayé Àdùnní fún un ni pé òrìṣà kì í ṣe òkú, ojúbọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dà bí ibojì. Kò fi ère tuntun rọ́pò èyí tó wà lójúbọ nígbà tó bá wọ̀ ọ́. Ohun tí ikán ti jẹ kù ló ń tún ṣe, pẹ̀lú àṣẹ àwọn aborẹ̀, àwọn tó ni ojúbọ náà. Ní Ìlobùú, agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ òpó tuntun fún ojúbọ Ṣàngó kò ba ojúbọ náà jẹ́. Òun ló jẹ́ kí ó máa jẹ́ ojúbọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan kò ṣeé sẹ́: lẹ́yìn rẹ̀, Igbó Ọ̀ṣun kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ojúbọ Òṣogbo ṣe rí ní 200 ọdún sẹ́yìn kò ní rí i lára ère rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni yóò ti rí i.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀

Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan nínú igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n mú un gbòòrò dé hẹ́kítà 75, kí òfin lè bo gbogbo igbó náà. Àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ohun ìrántí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ló ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú Àtáọ́ja àti àwọn olórìṣà. Ní oṣù Keje ọdún 2005, UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé ogún àgbáyé. Òun ni ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa, tó wọlé ní ọdún 1999. Àwọn ère tí Àdùnní àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ wà lára ohun tí wọ́n kà sí i.

Èrè mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn a máa ka ilẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló pẹ́ jù, èyí tó wà lókè ló kẹ́yìn dé. Àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí eérú tí a bá ní àyè tirẹ̀ lè sọ ìgbà tí a lò ó àti ohun tí a fi ṣe. Bí awayanrìn bá ti hú u kúrò ní àyè yẹn, ẹnu rẹ̀ pa. Ó di àpáàdì lásán. Ní Ilé-Ifẹ̀, a mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí Leo Frobenius ti Jámánì dé ibẹ̀ ní ọdún 1910, ó gbẹ́ Igbó Olókun, ó sì kó ọ̀pọ̀ ère amọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Ibi tí a ti kó wọn jáde kò lè padà sí bó ti wà mọ́.

Nítorí pé a dá ìwayanrìn àti ilé kíkọ́ dúró ní Igbó Ọ̀ṣun, ilẹ̀ ibùdó àkọ́kọ́ Òṣogbo kò bàjẹ́ tán. Ní àkókò tiwa, awalẹ̀pìtàn Akínwùmí Ògúndìran wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó rí fi hàn pé ìlú ti wà nínú igbó náà ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹnu ti wí pé ibẹ̀ ni ìlú ti kọ́kọ́ tẹ̀dó. Òun àti Akin Ige tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2015 lórí ìlẹ̀kẹ̀ àti àjákù dígí tí a rí níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé àwọn Yorùbá fúnra wọn mọ bí a ṣe ń ṣe dígí. Àdùnní kì í ṣe awalẹ̀pìtàn. Nítorí òrìṣà ló ṣe ń ṣọ́ igbó. Síbẹ̀, bí kò bá sí ìṣọ́ náà, ilé àti oko ì bá ti bo ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn wá wà. Ẹni tó ń pa èèwọ̀ igbó mọ́ ń pa ìwé ìtàn mọ́ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà.

Ìpapòdà rẹ̀ àti ohun tó kù

Ní ọdún 1995, wọ́n ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Krems, ní orílẹ̀-èdè tí a bí i sí. Kò tìtorí rẹ̀ padà lọ gbé ibẹ̀. Òṣogbo ni ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2009, ó papòdà níbẹ̀ ní ẹni ọdún 93.

Ohun tó fi sílẹ̀ kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì le ju igi lọ, ṣùgbọ́n òjò a máa wọ inú rẹ̀, irin a dípẹtà, ère a sì là. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn olórìṣà, àti àjọ tó ń jẹ́ orúkọ Àdùnní Olórìṣà ti ṣe àtúnṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, àtúnṣe náà kò sì ní tán láé. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ń jìyà. Ìwakùsà góòlù ní òkè odò ti sọ omi rẹ̀ di pípọ́n, débi pé ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu ún. Òfin UNESCO kò lè dá odò dúró ní ààlà hẹ́kítà 75. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní òkè odò yóò dé ojúbọ.

Ohun tí ìtàn yìí fi lé àwọn ará Ìlobùú àti Ìfọ́n lọ́wọ́ nìyí. Bèbè odò Erinlẹ̀, àwọn ojúbọ Òrìṣà Olúfọ́n, àwọn igbó orò àti àwọn ahoro tí àwọn baba ńlá ti gbé kí ìlú tó dé ibi tó wà lónìí, ìwé ìtàn tí a kò tíì kà tán ni gbogbo wọn. Bí a bá ta ilẹ̀ wọn tàbí tí a bá wa yanrìn wọn, kò sí àjùmọ̀ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé tó lè dá wọn padà. Bí a bá ń gbá wọn, tí a ń kùn wọ́n, tí a ń bọ wọ́n, tí a sì ń jẹ́ kí àwọn awalẹ̀pìtàn wá bá wa ka èyí tó bá yẹ ní kíkà pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ín, wọn yóò dé ọwọ́ ọmọ.

Àlejò tó bá ń bá wa ṣe ọdún náà ní ipa tirẹ̀. Kí ó béèrè kí ó tó wọ ojúbọ. Kí ó bọ́ bàtà níbi tí a bá ti ní kí ó bọ́ ọ. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó ya fọ́tò. Àpáàdì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá rí nílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, kí ó pe àgbà. Bí oníṣòwò kan bá sì gbé ère ojúbọ wá tà fún un, kí ó mọ̀ pé ojúbọ kan ti ṣófo níbìkan.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Ọbàtálá, ará Ẹdẹ, ará Ìlobùú, ará Òṣogbo, ìjúbà rẹ rè é. Kí omi inú ìkòkò Erinlẹ̀ má gbẹ. Kí odò Ọ̀ṣun tún mọ́ gaara. Kí igbó àwọn baba wa má di oko, kí ọwọ́ tí yóò máa tún un ṣe má sì wọ́n ní ìran wa. Àṣẹ.